Ta Ni Yóò Sanwó Gíláàsì Iwájú Mọ́tò?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa ní oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí àwọn kan. Ọ̀rọ̀ gíláàsì iwájú mọ́tò ni, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní wíńsíkírìn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ka ìkẹ́rù wa láìpẹ́ yìí ti fi hàn mí pé gíláàsì kan ṣoṣo lè gba owó oṣù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí Ọlọ́run kò bá sì kó o yọ, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí ó ti rí. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa, àgbà ọkùnrin tí ó ti ń wa mọ́tò fún ilé iṣẹ́ yìí kí n tó di aṣojú yín, ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Èkó lẹ́yìn tí ó já ẹrù tán. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé Ògèrè lójú ọ̀nà márosẹ̀, típà kan tó ru òkúta wẹ́wẹ́, tí kò sì fi tapólì bo ẹrù rẹ̀, sáré kọjá lára rẹ̀. Òkúta kan ta jáde, ó sì ba gíláàsì iwájú bọ́ọ̀sì akẹ́rù náà. Ojú ibi tí ó bà kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Nígbà tí Bàbá dé, ó ṣe ohun tó yẹ. Ó kọ ọ́ sínú lọ́gíbúùkù mọ́tò, ó kọ ọjọ́ sí i, ó sì mú ọ̀gá tó ń darí ọkọ̀ lọ síbẹ̀ kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀gá náà wò ó, ó ní, "Bàbá, kékeré nìyẹn. Ẹ ṣì máa wà á lọ ná." Bàbá sì wà á lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí oòrùn ọ̀sán, kòtò ojú ọ̀nà àti ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbá pa fi sọ ojú kékeré yẹn di ìlà gbọọrọ tó la gíláàsì já láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún. Ìgbà yìí ni ilé iṣẹ́ tó jí. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Bàbá kì í ṣe gíláàsì tuntun, kúẹ́rì ni. Wọ́n ní kí ó ṣàlàyé bí ó ṣe ba ohun ìní ilé iṣẹ́ jẹ́. Lẹ́yìn kúẹ́rì, lẹ́tà dé pé wọn yóò yọ owó gíláàsì lára owó oṣù rẹ̀, wọn yóò sì pín in sí oṣù mẹ́ta kí ó má baà wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Ẹ kò rí ojú àánú!

Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Onítípà tó da òkúta sílẹ̀ ti lọ ní tirẹ̀. Ọ̀gá tó ní kí wọ́n ṣì máa wà á lọ jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì sọ ọ́ jáde, òun ni wọ́n ní kó wá sanwó.

Kí n má parọ́ fún yín, ẹ̀bi wà lọ́rùn èmi náà. Nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ wá bá mi, tó ní, "Aṣojú, ẹ gbà mí o," ohun tí mo wí fún un ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ má baà di ńlá." Mo rò pé aáwọ̀ ni mò ń pẹ̀tù sí. N kò mọ̀ pé ewu ni mò ń dá sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló là mí lójú.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé owó Bàbá ni wọn yóò fi rà á, Bàbá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá èyí tí kò wọ́n. Ta ni yóò bá a wí? Ọmọ ń bẹ nílé ẹ̀kọ́, owó ilé ń bẹ nílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé kì í ṣe owó ilé iṣẹ́, àwọn ọ̀gá náà kò bìkítà láti wádìí irú gíláàsì tí wọ́n rà àti ẹni tí yóò fi í sí i. Bí wọ́n ṣe gbé mọ́tò lọ sí etí títì nìyẹn. Wọ́n yọ ti àtijọ́, wọ́n fi sílíkóònù tí a fi ń dí etí fèrèsé ilé lẹ tuntun mọ́ ọn láàárọ̀, nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹrù ti kún inú mọ́tò. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ. Òjò rọ̀. Kí ó tó dé Ìfọ̀, omi ti ń ṣàn sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, etí òkè gíláàsì náà sì ń gbọ̀n bí ewé bí tírélà bá ti kọjá. Bàbá páàkì, ó pe ọ̀gá lórí fóònù. Ọ̀gá ní kí ó rọra máa mánééjì rẹ̀ dé ọ̀hún. Bàbá kọ̀, ó ní òun kò lọ mọ́. Kúẹ́rì kejì ni èyí fà: wọ́n ní ó ṣàìgbọràn sí àṣẹ.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí. Àwa máa ń rò pé ọ̀rọ̀ owó lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ààbò lọ́tọ̀. Irọ́ ni. Ẹni tí ẹ bá ní kó sanwó nǹkan ni yóò pinnu bí nǹkan náà yóò ti rí. Bí ẹ bá ní kí tálákà ra gíláàsì mọ́tò olówó, gíláàsì tálákà ni mọ́tò náà yóò ní, ara tálákà náà ni yóò sì fọ́ sí.

Kí ni iṣẹ́ gíláàsì yìí? Àwọn kan rò pé kí afẹ́fẹ́ àti òjò má baà lu awakọ̀ lójú ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Gíláàsì iwájú tó dára kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n fi ọ̀rá líle kan tó mọ́ gaara sí àárín wọn. Bí òkúta bá bà á, ó lè sán yíká bí òwú aláǹtakùn, ṣùgbọ́n ọ̀rá àárín yìí kò ní jẹ́ kí ó tú dà sójú ènìyàn. Ará Faransé kan tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì, Édouard Bénédictus, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú gíláàsì yìí ní ọdún 1909. Ìtàn rẹ̀ ni pé ìgò kan jábọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sán ṣùgbọ́n kò fọ́ ká, nítorí pé kẹ́míkà kan ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀. Inú ìjàǹbá ibi iṣẹ́ ni ààbò yìí ti wá. Ẹni tó fẹ́ kọ́gbọ́n kọ́ ọ níbẹ̀.

Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn yàtọ̀ sí i nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Iná ni wọ́n fi mú un le, bí ó bá fọ́, gbogbo rẹ̀ á rún wómúwómú bí iyọ̀. Láyé àtijọ́ irú rẹ̀ wà níwájú àwọn mọ́tò mìíràn pẹ̀lú. Ẹ̀yin àgbà awakọ̀ yóò rántí bí gbogbo rẹ̀ ti máa ń funfun lẹ́ẹ̀kan náà bí òkúta bá bà á, tí awakọ̀ á máa fi ẹ̀ṣẹ́ lu ihò sí i kí ó lè rí ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí igun gíláàsì kí a tó gbà á. Bí ẹ bá rí LAMINATED níbẹ̀, oní-méjì ni. Bí ẹ bá rí TEMPERED tàbí TOUGHENED, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í síwájú yín.

Nínú mọ́tò òde òní, iṣẹ́ mìíràn tún wà lọ́rùn gíláàsì yìí. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, ó sì wà lára ohun tó ń gbé òrùlé dúró bí mọ́tò bá gbókìtì. Bí mọ́tò bá ní àpò atẹ́gùn tó máa ń wú jáde níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nígbà ìjàǹbá, ara gíláàsì ni àpò náà ń fẹ̀yìn tì nínú ọ̀pọ̀ wọn. Bí gíláàsì bá ṣí lọ, kí ni yóò fẹ̀yìn tì? Bí irin tí a fi bo eyín ẹ̀rọ ti rí fún ẹ̀yin tí ẹ wà nínú fákítìrì, bẹ́ẹ̀ ni gíláàsì yìí rí fún awakọ̀.

Fífi í síbẹ̀ pàápàá, iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí a ṣá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Nínú àwọn bọ́ọ̀sì àtijọ́, rọ́bà ló yí gíláàsì ká. Wọn á tẹ́ okùn sínú kòtò etí rọ́bà, wọn á fi omi ọṣẹ pa á, ẹnì kan á wà nínú mọ́tò tí yóò máa fa okùn náà díẹ̀díẹ̀, ẹnì kejì á máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ gíláàsì láti ìta, títí ètè rọ́bà yóò fi gun orí irin yíká. Bí rọ́bà náà kò bá gbó, mọ́tò lè jáde.

Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn á kọ́kọ́ yọ wáípà àti ike tó bo ìdí gíláàsì. Wọn á fi wáyà tín-ínrín tàbí ọ̀bẹ tí a ṣe fún un gé gọ́ọ̀mù àtijọ́. Wọn kì í há gọ́ọ̀mù náà tán pátápátá, wọ́n máa ń fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀ lára irin kí tuntun lè rí nǹkan dì mú. Bí ọ̀bẹ bá há ọ̀dà kúrò lára irin, wọ́n gbọ́dọ̀ fi práímà kùn ún, nítorí pé ìpẹtà yóò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, gọ́ọ̀mù kì í sì í di ìpẹtà mú. Etí gíláàsì tuntun gbọ́dọ̀ mọ́, kò gbọdọ̀ ní epo tàbí òógùn ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn á fún gọ́ọ̀mù yíká láìjá, ènìyàn méjì á gbé gíláàsì lé e, wọn á sì fi téèpù dì í mú. Urethane ni orúkọ gọ́ọ̀mù náà, ẹ óò rí i kà lára ọ̀pá rẹ̀. Sílíkóònù fèrèsé kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí àwọn ọ̀gá wa kì í fẹ́ gbọ́ ló kù yìí: gọ́ọ̀mù náà ń fẹ́ àkókò. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un gbẹ kí ó tó le. Òmíràn wà tí mọ́tò lè jáde lẹ́yìn wákàtí kan, òmíràn ń fẹ́ wákàtí mélòó kan, òmíràn sì di ọjọ́ kejì. Ẹni tó ṣe gọ́ọ̀mù ló ń sọ iye àkókò náà, ẹni tó fi gíláàsì sí i ló sì yẹ kó kọ ọ́ lé awakọ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó ń wo aago nítorí pé oníbàárà ń dúró de ẹrù. Láàárín àkókò yìí, kí a ṣí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ díẹ̀, kí a má sì gbá ilẹ̀kùn, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó há sínú mọ́tò lè ti gíláàsì tuntun kúrò láyè rẹ̀. Kí a má sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ mọ́tò fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Ó yá, kí ni òfin wí? Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa tí ń jẹ́ Labour Act, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1974, tí ó sì wà nínú àkójọ òfin ọdún 2004, ní apá 5 tó sọ nípa yíyọ owó òṣìṣẹ́. Kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́ kí ó sì yọ ọ́ lára owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tó bà á jẹ́ nítorí àìbìkítà, agbanisíṣẹ́ lè yọ ìwọ̀n tó bójú mu, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lórí ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní lébọ̀ ọ́físà. Àpapọ̀ gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ nínú oṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, òkúta tó ta lára típà ẹlòmíràn, ṣé Bàbá ló mọ̀ọ́mọ̀ jù ú ni? Lébọ̀ ọ́físà wo ni wọ́n sì kọ̀wé sí?

Akọ̀wé owó sọ fún wa nípàdé pé bí kò bá dun awakọ̀ lápò, kò ní ṣọ́ra. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé àwọn aláìbìkítà wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú awakọ̀ gan-an ló wà lẹ́yìn gíláàsì yẹn. Ta ni yóò ṣọ́ ọ jù ú lọ? Bí awakọ̀ kan bá mutí, tó lọ kọ lu géètì, ọ̀nà wà láti bá a wí: kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí aṣojú rẹ̀ jókòó tì í, kí wọ́n sì tẹ̀lé ohun tí òfin wí. Ẹgbẹ́ yìí kò ní gbèjà ọ̀lẹ tàbí ọ̀mùtí. Ohun tí a kọ̀ ni kí wọ́n sọ ewu ojú ọ̀nà di gbèsè òṣìṣẹ́.

Nígbà tí a gbé lọ́gíbúùkù àti ìwé òfin síwájú àwọn alákòóso, tí mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá níwájú àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n fagi lé yíyọ owó náà, wọ́n da owó oṣù kan tí wọ́n ti yọ padà, wọ́n gba kúẹ́rì méjèèjì wọlé, wọ́n sì gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́. Ó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọjà kò bàjẹ́, ilé iṣẹ́ kò wó. Ṣùgbọ́n ẹ má jó sí i jù, nítorí pé wọn kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, bí wọ́n bá pààrọ̀ ọ̀gá lọ́la, ó ti di àlọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa gbé lọ sórí tábìlì. Èkíní, kí ilé iṣẹ́ máa san owó gíláàsì àti owó fífi í sí i, àyàfi bí a bá tẹ̀lé ọ̀nà òfin tí a sì rí i pé òṣìṣẹ́ jẹ̀bi. Èkejì, bí awakọ̀ bá ti kọ ọ́ sínú lọ́gíbúùkù pé òkúta ba gíláàsì, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà. Ojú kékeré ṣe é tún ṣe, oje kan wà tí wọ́n ń fún sí i kí ìdọ̀tí àti omi tó wọ̀ ọ́, owó rẹ̀ kò sì tó ti gíláàsì tuntun. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tó bá fi gíláàsì sí i kọ irú gọ́ọ̀mù tó lò àti aago tí mọ́tò lè jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ẹrù sí i kí aago náà tó pé. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n má fún awakọ̀ ní kúẹ́rì nítorí pé ó kọ̀ láti wa mọ́tò tí gíláàsì rẹ̀ kò dúró.

Àwa náà gbọ́dọ̀ tún ilé ara wa ṣe. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń gba owó gíláàsì tuntun lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, tí wọ́n ń lọ ra tòkunbọ̀ tí etí rẹ̀ ti sán, tí wọ́n sì ń fi rìsíìtì èké pín ìyókù pẹ̀lú ẹni tó bá wọn fi í sí i. Ẹni tó sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Awakọ̀ mìíràn ni yóò wa mọ́tò yẹn lọ́la. Àwọn kan kì í sì í kọ nǹkan kan sínú lọ́gíbúùkù, wọ́n ní wàhálà ni. Bí kì í bá ṣe ìlà méjì tí Bàbá kọ lọ́jọ́ tó ti Ìbàdàn dé, kí ni à bá fi jà fún un?

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ awakọ̀ lèyí. Ibi tí wọ́n ti ń tún bọ́ọ̀sì akẹ́rù ṣe ni wọ́n ti ń tún bọ́ọ̀sì tó ń gbé yín relé lẹ́yìn iṣẹ́ òru ṣe. Ọwọ́ tí wọ́n fi bu owó gíláàsì lé awakọ̀ lónìí lè bu owó bẹ́líìtì ẹ̀rọ lé ẹ̀yin náà lọ́la. Ẹ wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, kí ẹ sọ tẹnu yín, kí ẹ sì dìbò lórí ohun mẹ́rin yìí, kí n lè mú ohùn gbogbo wa lọ bá àwọn alákòóso. Ohùn èmi nìkan kò ká a.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ire o.